Tchaada lábẹ́ ọ̀pẹ: ìtàn àwọn àgbẹ̀ Ìfọ̀nyìn létí ààlà

Ọ̀pọ̀ èrò tó ń gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ lọ sí Ìgóló, ẹnubodè ni wọ́n ń lọ, ẹnubodè náà sì ni wọ́n mọ̀. Àwọn aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀ wà ní Ìgóló, ti Nàìjíríà wà ní Ìdí-Ìrókò lódìkejì, àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà sì wà láàárín wọn. Oko tó tẹ́ rẹrẹ lápá òsì àti lápá ọ̀tún kì í dá ẹnikẹ́ni dúró. Bẹ́ẹ̀ inú àwọn oko wọ̀nyẹn ni ìtàn ilẹ̀ náà wà.

Tchaada jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́fà tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Ifangni, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Márùn-ún yòókù ni Ifangni fúnra rẹ̀, Banigbé, Daagbé, Ko-Koumolou àti Lagbé. Tí a bá da ilẹ̀ wọn pọ̀, kò ju 242 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, àwọn tí ètò ìkànìyàn ọdún 2013 sì bá níbẹ̀ lé ní 110,000. Ìyẹn ni pé èèyàn tó lé ní 450 ló ń gbé orí kìlómítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé ọkọ́ àti àdá ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun. Ilẹ̀ tó ń bọ́ èèyàn tó pọ̀ tó báyìí yẹ lóhun tí à ń pìtàn rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní odi ìlú bíi ti Kétu tàbí ààfin bíi ti Àjàṣẹ́.

Ìfọ̀nyìn ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pe ibi tí àwọn Faransé kọ sílẹ̀ ní Ifangni. Ẹ̀yà kan ni àwọn Ìfọ̀nyìn nínú àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn, ọmọ ìyá àwọn Ànàgó tó wà ní Ìpókíá àti Sakété, àwọn Ọ̀họ̀rí agbègbè Pobè, àwọn Kétu, àti àwọn Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa lónìí. Nàgó ni ìjọba Faransé pe gbogbo wọn pọ̀, orúkọ yẹn ni wọ́n sì ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ títí di òní. Wọn kò dá gbé ilẹ̀ náà. Àwọn Ègùn àti àwọn Tọ̀rí ti ń bá wọn gbé láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, ọjà kan náà ni wọ́n sì ń ná. Ọmọ tó ń bá bàbá sọ Nàgó, tó ń bá ìyá sọ Ègùn, tó tún ń kọ́ Faransé níléèwé kì í ṣe ohun ìyanu níbẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Ìfọ̀nyìn so ìdílé ọba wọn mọ́ Ọ̀yọ́. Ẹlẹ́hìn-Odò ni oyè ọba náà. Ohun tó mú Ọ̀yọ́ nawọ́ dé ibi tó jìnnà tó báyìí ni òwò etí òkun. Láti ọdún 1727 ni ìjọba Àbọ̀mì, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, ti gba èbúté Wídà. Lóòótọ́ ni Ọ̀yọ́ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Àbọ̀mì, àmọ́ Aláàfin kò fẹ́ kí ọjà òun máa gba abẹ́ ọwọ́ ọba mìíràn kọjá. Ọ̀nà tirẹ̀ gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ó gba ilẹ̀ Ànàgó àti Ìfọ̀nyìn, ó sì já sí Àjàṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀sà. Ọ̀yọ́ fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú ojú ọ̀nà náà, bíi Onísàré tó wà ní Ìjánà. Aṣọ àti iyọ̀ ń gba ibẹ̀, owó ẹyọ ń gba ibẹ̀. Ẹrú náà ń gba ibẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù. A kò gbọdọ̀ fo ìyẹn nígbà tí a bá ń sọ ògo ọ̀nà Ọ̀yọ́, nítorí ẹsẹ̀ àwọn tí a dè lókùn wà lára ohun tó la ọ̀nà náà.

Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀, Àbọ̀mì kọ̀ láti san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́ ní nǹkan bí ọdún 1823. Kò pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé fi dahoro. Ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn wá wà láàárín alágbára mẹ́ta: Àbọ̀mì ní ìwọ̀-oòrùn, Abẹ́òkúta ní ìlà-oòrùn, Àjàṣẹ́ ní gúúsù. Àwọn ọmọ ogun Àbọ̀mì kùnà ní Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, ṣùgbọ́n wọ́n pa Ìṣàgà run ní 1862, wọ́n sì fọ́ Kétu ní 1886. Ìlú tí kò ní odi, igbó ni odi rẹ̀. Lójú tèmi, èyí wà lára ìdí tí àwọn àgbẹ̀ apá ibẹ̀ fi tẹ́wọ́ gba gbígbé ní abúlé kéékèèké tó fọ́n ká, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan wà lórí oko rẹ̀, tí ọ̀nà ẹsẹ̀ sì so wọ́n pọ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ.

Kò sẹ́ni tó lè sọ ìtàn Tchaada kó má sọ ti ọ̀pẹ. Ilẹ̀ pupa tó jinlẹ̀ ló bo agbègbè náà, òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: òjò àkọ́rọ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, àrọ̀kúrò láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Ọ̀pẹ fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń hù fúnra rẹ̀ níbi tí àgbẹ̀ bá ti ṣán igbó. Àgbẹ̀ á gé igi yòókù, á dá ọ̀pẹ sí, á sì gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà sábẹ́ rẹ̀. Títí di òní, ẹni tó bá wo oko wọn á rí i pé oúnjẹ wà nísàlẹ̀, epo wà lókè.

Ọkùnrin ló ń fi igbà gun ọ̀pẹ, tó ń bẹ́ ìdì ẹyìn sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ di ti obìnrin. Wọ́n á já ẹyìn kúrò lára ìdì, wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀, wọ́n á gún un nínú odó tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú kòtò tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́, wọ́n á bu omi sí i kí epo lè léfòó, wọ́n á gbọ́n epo náà, wọ́n á sì tún gbé e kaná títí omi yóò fi gbẹ kúrò lára rẹ̀. Ìhá tó ṣẹ́ kù di ohun ìdáná. Èkùrọ́ ni wọ́n ń sá sóòrùn tí wọ́n ń fi òkúta pa lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tó ń gba ọ̀sán àti alẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti ọmọbìnrin. Àwọn ìyá fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wàhálà rẹ̀, nítorí pé owó èkùrọ́ tiwọn ni, ọkọ kì í ka iye rẹ̀. Owó yẹn ló ra aṣọ ọmọ, òun ló san owó iléèwé ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń pè ní ọ̀gá lónìí.

Ohun tí ọ̀pẹ ń ṣe kò tán síbẹ̀. Imọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà, ọ̀wá rẹ̀ ni ìgbálẹ̀, màrìwò rẹ̀ ni aṣọ Ògún, ikin mẹ́rìndínlógún rẹ̀ ni babaláwo fi ń dá Ifá. Ẹmu rẹ̀ ń tu àlejò lára, wọ́n sì ń sè é di sódàbì tí ìjọba amúnisìn fòfin dè, tí kò sì tán nílé ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún òpìtàn ni pé ọ̀pẹ jẹ́ ẹ̀rí. Nínú àṣà ilẹ̀ àwọn Yorùbá, àlejò lè gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kó gbin igi tó ń pẹ́, nítorí pé ẹni tó gbin igi ti ń sọ pé ilẹ̀ di tòun. Bí aáwọ̀ bá dé, àwọn àgbà kì í béèrè ìwé. Wọ́n á béèrè ẹni tó dá ọ̀pẹ yìí sí, ẹni tí bàbá rẹ̀ ń kọ ọ́, àti ẹni tí wọ́n fi í dógò fún nígbà tí òkú ṣẹlẹ̀ tàbí nígbà ìgbéyàwó. Èèyàn lè fi ọ̀pẹ dógò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹni tó yá a lówó máa kọ ẹyìn rẹ̀, kí onílẹ̀ sì wá rà á padà nígbà tó bá rí owó. Gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn, orí ni wọ́n ń gbé e sí.

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí òwò ẹrú ń kú lọ, epo pupa gba ipò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ àti àbẹ́là ní Marseille ń fẹ́ epo, lẹ́yìn náà ni Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ra èkùrọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Àjàṣẹ́ di ojúkò òwò náà. Àwọn oníṣòwò òyìnbó wà níbẹ̀, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé náà wà níbẹ̀, àwọn obìnrin oko láti ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn àti Sakété sì ń fi orí ru agbè epo lọ bá wọn. Ọba Tofa, tó jọba ní Àjàṣẹ́ láti 1874 sí 1908, wá ààbò lọ́dọ̀ àwọn Faransé nítorí Àbọ̀mì àti nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ààlà bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan ní Páríìsì. Ìwé náà fa ìlà láti odò Àjàrá lọ sókè tààrà títí dé ìwọ̀n kẹsàn-án àríwá, ó sì sọ pé Ìpókíá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni àwọn awọnlẹ̀ tó wá, tí àdéhùn mìíràn sì tẹ̀ lé e ní 1906. Ìlà orí máàpù ni wọ́n fi pín ilẹ̀; wọn kò béèrè ẹni tó ń kọ ọ̀pẹ wo. Apá kan nínú àwọn Ìfọ̀nyìn bọ́ sábẹ́ Èkó, apá kejì bọ́ sábẹ́ Dàhòmì tí àwọn Faransé ń ṣàkóso. Ilé wà níhìn-ín, oko wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n di ọmọ Faransé, àbúrò di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ bàbá wọn kò sì yí padà.

Ẹ jẹ́ ká fún àwọn Faransé ní ẹ̀tọ́ wọn: nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Àbọ̀mì, tí òun sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 1894, ogun Àbọ̀mì tán, àgbẹ̀ sì lè sùn. Ṣùgbọ́n ohun tó rọ́pò ogun kò rọrùn. Owó-orí dé Dàhòmì ní 1899. Iṣẹ́ àfipáṣe tẹ̀ lé e, ojú ọ̀nà ni o, ẹrù aláṣẹ ni o. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní indigénat, tó fún ọ̀gá agbègbè láṣẹ láti ti ọmọ ilẹ̀ mọ́lé tàbí kó bu owó ìtanràn lé e láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Ní Sakété, ìlú tó sún mọ́ Ifangni lápá àríwá, ìbínú ru ní 1905, wọ́n sì pa aláṣẹ Faransé kan. Láàárín 1914 sí 1918, nígbà tí wọ́n ń kó ọmọkùnrin lọ sójú ogun àgbáyé kìíní, àwọn Ọ̀họ̀rí gbé ìjà ko ìjọba náà, wọ́n sì fi irà àti igbó wọn ṣe ààbò.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ ààlà tún ní ọ̀nà ìjà mìíràn tí kò ní ariwo: wọ́n ń kó lọ. Tí agbowó-orí tàbí amúnisọ́jà bá ń bọ̀, ìdílé kan á di ẹrù lóru, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ẹbí wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ á mọ́, abúlé á ṣófo. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí kíkún nínú ìwé rẹ̀ Western Yorubaland under European Rule, 1889–1945, tó jáde ní 1976. Ó fi ìṣàkóso Faransé wé ti Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn èèyàn kan náà, ó sì fi hàn pé ìṣílọ àwọn Yorùbá Dàhòmì sí Nàìjíríà jẹ́ àtakò gidi sí ìjọba. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdílé ní Ifangni àti ní Ìpókíá yóò rí ìtàn ara rẹ̀ nínú ìwé yẹn. Ìlú kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá lónìí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ń jẹ́ Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé nípa àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó.

Ohun tí ìjọba Faransé fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó kù ni epo àti èkùrọ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fa ọ̀nà rélùwéè láti Àjàṣẹ́ gba Sakété lọ sí Pobè, tó parí ní 1913. Banigbé-Gare ní ilẹ̀ Ifangni wà lára ohun tó fi sílẹ̀. Ní 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, ó sì ṣì wà níbẹ̀. Ibùdó yẹn yí iṣẹ́ àgbẹ̀ padà ní gbogbo gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀pẹ ìbílẹ̀, èkùrọ́ rẹ̀ ní èèpo tó nípọn, ara epo rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ gba irú èyí tí kò ní èèpo, ohun tó jáde ni ténérà, tí èèpo rẹ̀ tín-ín-rín, tí ara rẹ̀ nípọn, tí epo rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ìbílẹ̀ lọ dáadáa. Kì í ga kíákíá, ọ̀dọ́ sì lè kọ ọ́ láìfi igbà gùn ún fún ọdún mélòó kan. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ò tíì fi ti ìbílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní epo rẹ̀ dùn lọ́bẹ̀ jù, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ní 1946 ni iṣẹ́ àfipáṣe àti indigénat kásẹ̀ nílẹ̀. Òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba tuntun ṣe òfin tó fi kó ilẹ̀ ìdílé jọ ní àwọn ibì kan ní gúúsù, láti sọ ọ́ di oko ọ̀pẹ ńlá tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń bójú tó. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kò dárí ji ìjọba lórí rẹ̀. Ní 1975, Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀ lábẹ́ Mathieu Kérékou. Ìpínlẹ̀ Plateau, tí Tchaada wà nínú rẹ̀, yọ jáde lára Ouémé ní 1999, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú ń dìbò yàn sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò tó wáyé ní ìparí 2002 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2003.

Àmọ́ ohun tó ń pinnu bí ọjà ṣe ń lọ ní Tchaada kì í fi gbogbo ìgbà wá láti Kútọnu. Láti Nàìjíríà ló ti ń wá jù. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé lọ, àwọn tó padà sí Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari ti ibodè pa fún nǹkan bí ọdún méjì. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé agbára sẹ́fà sí ìdajì, ọjà Bẹ̀nẹ̀ di ọ̀pọ̀ lójú onínáírà. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà tún ti ibodè. Wọ́n ṣí ibodè Sèmè ní oṣù kejìlá 2020, Ìdí-Ìrókò kò sì rí àṣẹ ìṣísílẹ̀ tirẹ̀ títí di oṣù kẹrin 2022. Fún àgbẹ̀ tó ń gbin tòmátì àti ata, ohun tí kò lè dúró kí ibodè ṣí, ọdún wọ̀nyẹn korò.

Epo bẹntiróò náà ní ìtàn tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kpayo tí wọ́n ń kó láti Nàìjíríà ni àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ ààlà fi ń jẹun, wọ́n ń dì í sínú jerrycan lórí ọ̀kadà, wọ́n ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ó jó ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní Nàìjíríà, iye owó rẹ̀ sì fò sókè lápá méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Inú mi kò dùn sí ìyà tó jẹ àwọn ọ̀dọ́ náà, ṣùgbọ́n mo gbà pé ohun tó dá ọ̀dọ́ padà sí oko kì í ṣe àdánù pátápátá. Ẹ̀gẹ́ wà láti fi yan gàrí, àgbàdo wà, ẹ̀fọ́ wà, àwọn ìlú ńlá tó ń ra oúnjẹ kò jìnnà. Ní Itassoumba, ní ilẹ̀ Ifangni kan náà, àwọn àgbẹ̀ ti gbẹ́ adágún ẹja sáàárín ọ̀pẹ. Ewu rẹ̀ ni ẹ̀fọn: omi tó dúró ń bí ẹ̀fọn, ibà sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀, nítorí náà àpò ẹ̀fọn kò gbọdọ̀ wọ́n nílé ẹlẹ́ja.

Àlejò tó bá fẹ́ mọ ilẹ̀ yìí kò ní ráhùn ohun tí yóò rí. Kó kọ́kọ́ jókòó sí abúlé kan ní Tchaada, kó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe epo, kó wo àáró àti ọ̀wẹ̀ tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Lẹ́yìn náà kó lọ sí ìlú Àjàrá, níbi tí àwọn onílù ti ń gbẹ́ ìlù tí wọ́n ń tà dé ọ̀nà jíjìn, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé èèyàn gba orí Odò Dúdú lábẹ́ òjìji igi. Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí ibẹ̀: ààfin Tofa tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Honmè, mọ́sálásí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ ní àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Brazil, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Alexandre Sènou Adandé. Ìlú yẹn náà ni Samuel Bilehou Oschoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 1947. Ó kú ní 1985, ìsà òkú rẹ̀ wà ní Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ ìjọ náà sì ń kọjá ààlà lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún.

Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Songhaï, oko tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1985, lórí ilẹ̀ tí kò ju hẹ́kítà kan lọ. Ìgbẹ́ adìẹ ń bọ́ ẹja, omi ẹja ń bọ́ ẹ̀fọ́, ìdọ̀tí tó kù ń di gáàsì ìdáná, ohunkóhun kì í ṣòfò. Ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí ìyá tó ń fi ìhá dáná, tó ń ta èkùrọ́, tó sì ń fi eérú po ọṣẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Songhaï kọ ọgbọ́n tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fi kọ́ ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn.

Tí ẹsẹ̀ àlejò bá yá sí àríwá, Sakété, Pobè àti Kétu wà lójú ọ̀nà. Igbó Pobè jẹ́ ìyókù igbó kìjikìji tó ti bo agbègbè náà rí. Ní Kétu, ìlú tí Àbọ̀mì tú ká tó sì tún gbéra, Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu odi ìlú àtijọ́, ṣì dúró. Ọ̀nà yìí kan náà ni ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ijó lásán ni. Lóru, ẹ̀fẹ̀ ló ń jáde: ó ń kọrin, ó ń tọrọ ààbò lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, ó sì ń bá ìkà, olè àti alágbèrè wí lójú gbogbo ìlú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni àwọn gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó ní méjì-méjì, ère igi lórí wọn, ṣaworo lẹ́sẹ̀ wọn, ìlù ń pàṣẹ, ẹsẹ̀ ń dáhùn. Ọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin láti bọ̀wọ̀ fún agbára obìnrin. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé, ó sì kọ orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò mọ́ ọn pọ̀. Ààlà 1889 kò rí ibẹ̀ gbà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bá àwọn ọmọ Tchaada sọ, àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà ní Kútọnu, Èkó àti òkè òkun. Láti ìgbà tí Bẹ̀nẹ̀ ti ṣe òfin ilẹ̀ tuntun ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, ìwé ni ilé ẹjọ́ ń béèrè. Àwọn olówó láti Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ń ra ilẹ̀ pupa yìí sáré-sáré, wọ́n ń fi bíríkì gé e, wọ́n ń gé ọ̀pẹ rẹ̀. Ọ̀pẹ tó bá ti ṣubú kò lè jẹ́rìí mọ́, àgbà tó mọ ẹni tó dá a sí kò sì ní wà títí. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù: ibi tí ìdílé ti wá, ẹni tó kọ́kọ́ ṣán oko, ààlà oko kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀pẹ tó wà ní ògò àti iye tí wọ́n fi dógò, àwọn tó kọjá sí Nàìjíríà àti ọdún tí wọ́n lọ. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Faransé, kí àwọn ará ilé yín ní Ìpókíá fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sí ilé ìjọba ìbílẹ̀ ní Ifangni, kí ẹ sì lọ gba ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ yín kí ẹlòmíràn tó gbà á.